Aláìsàn psoriasis ní sẹ́ńtà wa: yàtọ̀ sí awọ ara, kí la tún gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò?

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi. Sẹ́ńtà ìlera kékeré ni tiwa, lágbègbè Ìjẹ̀bú-Igbó. Àwọn tó ní psoriasis (àrùn tó ń mú kí awọ ara nípọn, kó sì máa ṣí ìpẹ́), tí dókítà awọ ara ti rí ní Ṣàgámù, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń wá títí dìgbà tí wọ́n tún máa padà lọ. Ohun tí à ń ṣe fún wọn kò ju ká wo awọ ara, ká bèèrè bóyá ó ń yún wọn, ká sì sọ fún wọn kí wọ́n má jẹ́ kí ìpara tán. Àwọn kan náà ló sì ń wá nítorí eegun tó ń ro wọ́n, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí ojú tó pọ́n. Ẹni tó bá wà nídìí tábìlì lọ́jọ́ náà á kọ ọ́ bí àìsàn mìíràn, á fún wọn lóògùn, wọn á máa lọ.

Ìbéèrè mi ni pé, ṣé gbogbo rẹ̀ so mọ́ra ni? Bó bá so mọ́ra, kí ni ká máa yẹ̀ wò, báwo la sì ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò pẹ̀lú ohun tó wà lọ́wọ́ wa? A ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ̀rọ ṣúgà tí wọ́n ń gún ìka fún, ìwọ̀n, téèpù aránṣọ àti tọ́ọ̀ṣì. Ta la gbọ́dọ̀ tètè dá padà sí Ṣàgámù, ta la sì lè máa bójú tó níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí a lè ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè tí èrò kún fọ́fọ́ ni mo ń bèèrè.

Dókítà Awọ Ara, Ṣàgámù:

Ó so mọ́ra, Nọ́ọ̀sì. Nínú psoriasis, àwọn ẹ̀ṣọ́ ara tó yẹ kó máa bá kòkòrò àrùn jà ló kọjú ìjà sí ara fúnra rẹ̀. Wọ́n ń tú àwọn èròjà kan jáde tí à ń pè ní TNF, IL-17 àti IL-23. Lójú awọ ara, àwọn èròjà yìí ló ń lé awọ tuntun jáde ní ìlékúlèé. Awọ tó yẹ kó lò tó oṣù kan kó tó dé òkè, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ló ti ń dé. Ìyẹn ló fi ń nípọn, tó ń ṣí ìpẹ́ funfun. Ṣùgbọ́n awọ ara nìkan kọ́ ni wọ́n mọ sí. Ẹ̀jẹ̀ ń gbé wọn kiri, wọ́n ń ba ara òpó ẹ̀jẹ̀ jẹ́, wọ́n ń mú kí ara kọ iṣẹ́ insulin tó ń darí ṣúgà, wọ́n sì ń wọ oríkèé àti ojú. Fún ìdí èyí, ẹni tí psoriasis rẹ̀ bá pọ̀ gan-an sún mọ́ ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, kódà bó bá jẹ́ ọ̀dọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ ni kí ẹ mọ bó ṣe pọ̀ tó. Àtẹ́lẹwọ́ aláìsàn fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ìka tó pa pọ̀, dúró fún bí ìdá 1 nínú 100 ara rẹ̀. Ẹ fi ojú wọn iye àtẹ́lẹwọ́ tó máa bo gbogbo ibi tó mú. Bó bá ju 10 lọ, ó ti pọ̀ gan-an nìyẹn. Bí kò bá tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tó wà lójú, lójú abẹ́, ní àtẹ́lẹwọ́ tàbí àtẹ́lẹsẹ̀, ẹ má fojú kékeré wò ó. Ẹ má sì retí pupa bíi ti àwòrán inú ìwé òyìnbó lára àwa aláwọ̀ dúdú. Ó lè jẹ́ àwọ̀ àlùkò, ó lè dúdú kirimú, ó lè rí bí eérú. Ẹ fọwọ́ kàn án, ẹ wo bó ṣe nípọn tó.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn rẹ̀ fara ti nǹkan, kí apá rẹ̀ wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n ibi tí ọkàn wà. Bí apá bá sanra, tí ẹ sì fi báńdì kékeré wé e, ẹ̀rọ á sọ pé ẹ̀jẹ̀ ń ru nígbà tí kò ru. 140/90 sókè nígbà méjì lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ni.

Ẹ tún fi téèpù aránṣọ wọn inú rẹ̀. Ẹ wá eegun ìhà tó kẹ́yìn nísàlẹ̀, ẹ wá orí eegun ìbàdí, kí téèpù gba àárín méjèèjì kọjá nígbà tó bá ti mí síta tán. Bó bá tó 94 cm lára ọkùnrin tàbí 80 cm lára obìnrin, ọ̀rá ti pọ̀ níkùn nìyẹn. Mo mọ̀ pé ìyá olóko wa kan lè rẹ́rìn-ín pé ìsanra ti di àìsàn báyìí. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ọ̀rá inú ikùn fúnra rẹ̀ ń tú irú èròjà TNF yẹn jáde. Bó bá fọn díẹ̀, awọ ara á rọ̀, oògùn náà á sì ṣiṣẹ́ dáadáa sí i.

Ṣúgà: kí ó má tíì jẹun láàárọ̀, kí ó ti tó wákàtí 8 tó ti jẹun kẹ́yìn. 126 mg/dL sókè, ẹ ránṣẹ́ sí láàbù kí wọ́n tún un ṣe. 100 sí 125, ó ti ń lọ síbẹ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ṣe èyí lẹ́ẹ̀kan lọ́dún fún gbogbo wọn, kódà fún ẹni ọdún 25. Ẹni tí tirẹ̀ bá pọ̀ tàbí tó ń lo oògùn alágbára, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mejì.

Fìsíò Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ jẹ́ kí n mú ti oríkèé, torí ibẹ̀ ni ìfàfàlẹ̀ ti ń ba nǹkan jẹ́ jù. Nínú àwọn tó ní psoriasis, ó lè tó 3 nínú 10 tí àrùn náà máa wọ oríkèé wọn. Awọ ara ló sábà máa ń ṣíwájú, ó sì lè tó ọdún 10 kí oríkèé tó tẹ̀ lé e. Nítorí náà, nígbà tí oríkèé bá máa bẹ̀rẹ̀, aláìsàn ti gbàgbé pé awọ ara rẹ̀ lè ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Làkúrègbé ni yóò pè é. Kẹ́míìsì á gba làkúrègbé gbọ́, alágbo á gbà á gbọ́, oṣù mẹ́fà á sì kọjá. Láàárín oṣù mẹ́fà yẹn, eegun etí oríkèé ti lè jẹ, èyí tó bá sì ti jẹ kì í hù padà.

Bí ẹ ṣe máa mọ ìyàtọ̀: eegun ríro ti iṣẹ́ oko tàbí ti ọjọ́ orí, bó bá ṣe ń ṣiṣẹ́ ni ó ń ro ó, bó bá sinmi, á fúyẹ́. Èyí tí à ń sọ yìí, ìsinmi ló ń mú un le. Ẹ bi í pé, “Bẹ́ ẹ bá jí láàárọ̀, ìgbà wo ni ara yín máa ń tó yọ̀?” Bó bá ju ìṣẹ́jú 30 lọ, ẹ fura. Bó bá sọ pé ẹ̀yìn ń jí òun láàárín òru, tí òun sì ní láti dìde rìn kó tó fúyẹ́, ẹ túbọ̀ fura.

Ìbéèrè márùn-ún kan wà tí wọ́n ń lò káàkiri àgbáyé, PEST ni wọ́n ń pè é, kò gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ. Ṣé oríkèé yín kan ti wú rí? Ṣé dókítà ti sọ fún yín rí pé ẹ ní àrùn oríkèé? Ṣé ihò wẹ́wẹ́ wà lára èékánná yín? Ṣé gìgísẹ̀ ń dùn yín? Ṣé ìka ọwọ́ tàbí ti ẹsẹ̀ kan ti wú láti ìdí dé orí rí, tó ń dùn yín, láìjẹ́ pé nǹkan gbá a? “Bẹ́ẹ̀ ni” mẹ́ta, ẹ kọ ìwé Ṣàgámù lọ́jọ́ náà. Ọ̀kan ṣoṣo tó jẹ́ ti ìka tó wú pátápátá, èmi á kọ ìwé náà láìdúró de méjì yòókù.

Ẹ má gba ẹnu rẹ̀ gbọ́ lórí èékánná. Ẹ gba ọwọ́ rẹ̀ síbi ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì tàn án láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ máa rí ihò kéékèèké bí ẹni fi orí abẹ́rẹ́ gún un, tàbí kí ẹ rí i pé èékánná ti ń ṣí kúrò lórí ẹran láti òkè wá, tí ibẹ̀ sì pọ́n bí epo tó kán sí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ní kó bọ́ bàtà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí iṣan ńlá ẹ̀yìn ẹsẹ̀ ti so mọ́ eegun gìgísẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ títí èékánná tiyín á fi funfun. Ẹ ṣe é lẹ́sẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì wo ojú rẹ̀. Ibi tí iṣan ti so mọ́ eegun ni àrùn yìí fẹ́ràn jù, ìyẹn wà lára ohun tó mú kó yàtọ̀ sí eegun ríro lásán.

Láàbù Ìlíṣàn:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àbájáde láàbù kún un, torí ó ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Àyẹ̀wò “rheumatoid factor”, tí wọ́n fi ń wá irú àrùn oríkèé mìíràn, sábà máa ń jáde pé kò sí nǹkan nínú àrùn oríkèé ti psoriasis. ESR, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi hàn bóyá nǹkan ń wú nínú ara, pẹ̀lú lè wà bó ṣe yẹ. Nítorí náà, bí ìka bá wú, tí láàbù sì ní kò sí nǹkan, ìka tó wú ni kí ẹ gbà gbọ́. Uric acid sì lè ga lára alárùn psoriasis, kí wọ́n wá sọ pé gáùtù ni, kí wọ́n máa fún un lóògùn gáùtù lásán.

HbA1c (àyẹ̀wò bí ṣúgà ṣe rí láti bí oṣù mẹ́ta): bí ẹ bá mọ̀ pé SS ni ẹni náà, tàbí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà ẹ̀jẹ̀ sí i lára, tàbí ẹ̀jẹ̀ ti dà púpọ̀ lára rẹ̀, ẹ má lò ó. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ tí kì í pẹ́ láyé kò ráyè gba ṣúgà sára, á wá fi hàn pé ṣúgà kéré. Ẹ̀rọ tí ẹ ń gún ìka fún ló sàn fún irú wọn.

Ẹni tó ń lo prednisolone (oògùn steroid tó ń pa ìwú ara mọ́lẹ̀) láàárọ̀, ṣúgà òwúrọ̀ rẹ̀ lè dára, kí ti ọ̀sán sì ti fò sókè. Ẹ gún ìka rẹ̀ ní wákàtí 2 lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Bó bá tó 200 mg/dL, tó sì ń tọ̀ ṣáá, tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, kò sí iyèméjì níbẹ̀ mọ́, ìtọ̀ ṣúgà ni.

Apòògùn Ìkẹ́nnẹ́:

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi fi ibi kan sílẹ̀ lórí káàdì fún oògùn, gbogbo oògùn, títí kan ti kẹ́míìsì àti àgbo. Nígbà mìíràn, ohun tó ń dà bí àrùn mìíràn lára wọn, oògùn ló ń fà á.

Èyí tó burú jù ni abẹ́rẹ́ àpapọ̀. Ẹni tó ń sọ pé làkúrègbé ń yọ òun lẹ́nu á lọ sí ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fa diclofenac (oògùn ìrora) àti dexamethasone (steroid) pọ̀ sínú síríńjì kan. Lọ́jọ́ kejì ó ń rìn, awọ ara rẹ̀ pẹ̀lú á mọ́. Ó dùn mọ́ ọn, ó padà lọ. Ọjọ́ tó bá dáwọ́ dúró ni psoriasis máa padà wá pẹ̀lú ìbínú. Ó lè yọ kókó wẹ́wẹ́ tó kún fún ọyún káàkiri ara, ó sì lè jẹ́ pé gbogbo ara ló máa bó. Ẹni tí ara rẹ̀ bá bó bẹ́ẹ̀ tó ń gbọ̀n, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, tí ibà wà, kò sí ìpara tó kàn án mọ́, ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an. Ara tó bó kò lè pa omi àti ooru mọ́, ọkàn á sì máa ṣe iṣẹ́ tó ju agbára rẹ̀ lọ. Prednisolone oníhóró náà kò yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti ń lo ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má ní kó dá a dúró lójijì. Ẹ rán an sí dókítà kí wọ́n máa dín in kù díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni ìpara. Clobetasol, steroid alágbára, wà nínú púpọ̀ nínú àwọn ìpara “ṣe gbogbo nǹkan” tí wọ́n ń tà lọ́jà, àti nínú èyí tí wọ́n fi ń bóra. Òfin rẹ̀ ni pé kó má ju 50 g lọ lọ́sẹ̀ kan, kó má sì ju ọ̀sẹ̀ 2 lọ láìsinmi. Gbogbo ọdún, bí Ojúde Ọba bá ti ń sún mọ́lé, tí kálukú fẹ́ kí ara òun dán nínú aṣọ ẹgbẹ́, ni wọ́n ń fi para láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ o. Ó ń gbé ṣúgà sókè, ó ń mú ẹ̀jẹ̀ ru, ojú á wú kiribiti, egbò kì í tètè jiná. Bó bá sún mọ́ ojú jù, ó lè fa gíláúkómà. Ìwọ̀n tó yẹ: bí ẹ bá tẹ ìpara láti orí ìka ìfábẹ̀là dé oríkèé rẹ̀ àkọ́kọ́, ìyẹn jẹ́ 0.5 g, ó sì tó fún ibi tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì.

Ẹ tún wo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn. Propranolol àti atenolol lè mú psoriasis ru sókè. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ o, torí bó bá dá a dúró lójijì, ọkàn lè dàrú. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kí dókítà pààrọ̀ rẹ̀. Chloroquine náà lè mú psoriasis ru sókè, àwọn àgbàlagbà kan sì ṣì ń wá a kiri fún ibà. Kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò ibà, kí wọ́n lo artemether-lumefantrine.

Àwọn tí Ṣàgámù fi sórí methotrexate (oògùn tó ń rọ ìjà àwọn ẹ̀ṣọ́ ara yẹn lójú), ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó tì wọ́n. LẸ́Ẹ̀KAN LỌ́SẸ̀ ni wọ́n ń lò ó. Hóró kan sábà máa ń jẹ́ 2.5 mg, bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, 10 mg jẹ́ hóró 4 lọ́jọ́ kan ṣoṣo, títí ọ̀sẹ̀ mìíràn. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́ lè kú: egbò á kún ẹnu rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á gbẹ, ara ò ní lè bá kòkòrò jà mọ́. Ohun tó ń dá wọn láàmú ni pé hóró methotrexate sábà máa ń jẹ́ àwọ̀ ìyeyè, folic acid tí wọ́n ń fún wọn pẹ̀lú rẹ̀ náà sì jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kó wọn sínú páálí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ fi bírò kọ “ỌJỌ́ ÀÌKÚ NÌKAN” sára ti methotrexate, kí ẹ sì kọ “ỌJỌ́ AJÉ” sára folic acid 5 mg. Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ẹ bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Septrin (oògùn apakòkòrò) àti Fansidar (oògùn ibà) ni kò gbọ́dọ̀ bá methotrexate pàdé. Oògùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń dènà folate tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, inú egungun tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde ni wọ́n ti ń parí ìjà náà. Ọtí pẹ̀lú, pàápàá jù lọ àgbo tí wọ́n rẹ sínú ògógóró, torí ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n tún ń dì ẹrù lé. Obìnrin tó lè lóyún, kó fètò sọ́mọ bíbí títí oṣù mẹ́fà lẹ́yìn tó bá dá a dúró.

Láàbù Ìlíṣàn:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Apòògùn. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ methotrexate: ẹ̀jẹ̀ pípé (FBC), ALT (ti ẹ̀dọ̀), creatinine (ti kíndìnrín), hepatitis B àti C, HIV, àyẹ̀wò oyún. Ẹ rí i pé èsì wọ̀nyí wà nínú fáìlì rẹ̀, bí kò bá sí, ẹ bèèrè. Lẹ́yìn náà, FBC, ALT àti creatinine léraléra ní oṣù àkọ́kọ́, kó wá máa jẹ́ oṣù 2 sí 3 síra wọn. Ti HIV ṣe pàtàkì lọ́tọ̀: psoriasis tó dédé bú jáde lára ẹni tí kò ní i rí, tàbí tó ru kọjá bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, ẹ ṣe àyẹ̀wò HIV fún un.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ ṣeun gan-an ni, ẹ̀yin àgbà. Mo ti ń kọ ọ́ sórí páálí. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan mẹ́ta ló kù tí ẹnikẹ́ni ò tíì sọ. Ojú tó pọ́n ńkọ́? A tún ní àwọn obìnrin tí oówo kì í tán lábẹ́ abíyá àti ní itan wọn, wọ́n á gé e, á tún yọ. Ṣé irú àrùn yìí náà ni? Àti àwọn ọmọ kéékèèké tó ní àléfọ́, ṣé wọ́n wà nínú ètò yìí?

Dókítà Awọ Ara, Ṣàgámù:

Ti ojú kọ́kọ́, torí kò ní sùúrù. Kì í ṣe gbogbo ojú pípọ́n ni àpólò. Àpólò máa ń yún, ojú á lẹ̀ láàárọ̀ pẹ̀lú ìpin, ó sì máa ń ran ará ilé. Èyí tó bá psoriasis rìn, inú ẹyin ojú ló ti ń ro, ìmọ́lẹ̀ ń gún un, kò ríran kedere, kò sì sí ìpin. Ẹ ní kó fi ọwọ́ bo ojú tó ń dùn ún, kí ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú kejì tó dára. Bí èyí tó bò mọ́lẹ̀ bá dùn ún, inú ojú ló ti wú nìyẹn, torí ọmọlójú méjèèjì jọ ń sún kì ni. Dókítà ojú láàárín wákàtí 24. Chloramphenicol tí wọ́n ń kán kò ní ṣe nǹkan kan fún un, bó bá sì pẹ́, ọmọlójú á lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, ìríran lè lọ.

Ti oówo abíyá: bẹ́ẹ̀ ni, ẹbí kan náà ni. Hidradenitis suppurativa ni wọ́n ń pè é. Bí oówo bá ti yọ lẹ́ẹ̀mejì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín oṣù mẹ́fà, lábẹ́ abíyá, ní itan, lábẹ́ ọmú tàbí ní ìdí, tó fi ojú ihò dúdú méjì-méjì tàbí àpá bí okùn sílẹ̀, ẹ má pè é ní oówo mọ́. Kì í ṣe ìdọ̀tí, kì í ràn. Ihò irun ló dí tó sì bẹ́ sínú ẹran. Ìyẹn ló fà á tí gígé kò fi ń wò ó: ẹ tú ọyún dànù, ihò inú ẹran ṣì wà níbẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lára àwa aláwọ̀ dúdú, obìnrin ló sì ń mú jù nílẹ̀ Amẹ́ríkà àti Yúróòpù tí wọ́n ti kà á.

Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò fún àwọn wọ̀nyí fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ṣúgà àti ìwọ̀n inú, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ẹ bèèrè nǹkan oṣù: bí kì í bá wá déédéé, tí irun ń hù ní àgbọ̀n, ó lè ní PCOS, àìsàn ilé ẹyin obìnrin. Ẹ wo PCV (bí ẹ̀jẹ̀ ṣe pọ̀ tó lára), torí ọyún tó ń dà látọdúnmọ́dún ń sọ wọ́n di ẹni tí ẹ̀jẹ̀ kò tó lára rẹ̀. Ẹ bèèrè sìgá. Ẹ sì bèèrè ìgbẹ́. Ìgbẹ́ gbuuru tó ti ju ọ̀sẹ̀ 6 lọ, ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, kí ara máa gbẹ, gbogbo ìyẹn ni wọ́n máa kó sábẹ́ jẹ̀díjẹ̀dí, tí wọ́n á máa mu àgbo fún. Àrùn Crohn, tó ń dá egbò sínú ìfun, wà lára ohun tó ń bá oówo yìí rìn, ó sì ń bá psoriasis rìn pẹ̀lú. Egbò ìdí tó ti pẹ́ ọdún púpọ̀, tó wá ń le, tó ń ga sókè, tàbí tó ń ṣẹ̀jẹ̀, ẹ rán an wá kí wọ́n gé díẹ̀ lára rẹ̀ yẹ̀ wò, torí ó lè ti di jẹjẹrẹ.

Ti àwọn ọmọ, ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Àléfọ́ ọmọdé àti asímà àti imú tó ń ṣàn nígbà gbogbo, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ bi ìyá rẹ̀: ṣé ó máa ń wúkọ́ lóru? Ṣé àyà rẹ̀ máa ń dún bí súfèé bó bá sáré? Ṣé ó máa ń fọwọ́ nu imú rẹ̀ sókè ṣáá? Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n. Àwọn ìyá kan ti gba ẹyin, ẹja, wàrà àti ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ nítorí ẹnìkan sọ pé òun ló ń fa àléfọ́, ọmọ wá ń rù. Àfi bí oúnjẹ kan bá mú kí ètè wú tàbí kó bì láàárín wákàtí méjì tó jẹ ẹ́, ẹ dá ẹyin rẹ̀ padà fún un. Ìkọ́kọrẹ́ tí ẹja wà nínú rẹ̀ kì í sábà pa ọmọ aláléfọ́ lára. Ohun tí àwọn ìyá ò ṣe tó ni ìpara tó ń mú awọ tutù: òrí tàbí Vaseline, tó 250 g lọ́sẹ̀ kan fún ọmọ tó mú lára gan-an, kó máa fi pa á lẹ́yìn ìwẹ̀ kí omi tó gbẹ tán. Bí egbò wẹ́wẹ́ tó dọ́gba, bí ẹni fi nǹkan lu ihò, bá dédé bo ibi àléfọ́, tí ibà sì wà, ó lè jẹ́ kòkòrò àrùn herpes ló wọ̀ ọ́. Ọsibítù lọ́jọ́ náà.

Nọ́ọ̀sì Ọpọlọ, Ìjẹ̀bú-Òde:

Ẹ bá mi fàyè gba ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀rọ ò lè wọ̀n. Ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn pọ̀ gan-an láàárín àwọn tó ní psoriasis, ó sì tún pọ̀ sí i láàárín àwọn olóówo abíyá, nítorí òórùn ọyún àti nítorí ọ̀rọ̀ ọkọ àti aya. Àwọn ènìyàn ń yẹra fún wọn, wọ́n ń rò pé ó ń ràn, wọn kì í bá wọn jẹun nínú abọ́. Ìbéèrè méjì tó: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ohun tó máa ń wù yín ṣe kò wù yín mọ́? Ṣé ọkàn yín máa ń rẹ̀wẹ̀sì, tí nǹkan tojú sú yín? Bó bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ bèèrè ní tààrà bóyá ó ti ń rò ó láti gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Bíbèèrè kì í kó o sí i lórí. Ẹ bèèrè rẹ̀ ní kọ̀rọ̀, lẹ́yìn ẹni tó bá a wá. Bó bá jẹ́ pé ó ti ń rò ó, ẹ má jẹ́ kó dá lọ sílé, kí ẹnìkan nínú ẹbí rẹ̀ tẹ̀ lé e dé ọsibítù.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má fi orúkọ Àrò, ọsibítù ọpọlọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà. Ní ilẹ̀ wa, bí ẹ bá ti dárúkọ Àrò, wèrè ni wọ́n gbọ́. Ẹ sọ pé oorun àti ìrònú rẹ̀ nílò ìtọ́jú bí awọ ara rẹ̀ ṣe nílò rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Ìjẹ̀bú-Igbó:

Ẹ̀yin Nọ́ọ̀sì àgbà, ẹ ṣé o. Ìkan péré ló kù: kí ni dókítà fẹ́ rí nínú ìwé tí a bá kọ, kí wọ́n má baà dá aláìsàn padà?

Dókítà Awọ Ara, Ṣàgámù:

Ẹ má kọ “psoriasis, jọ̀wọ́ ràn wá lọ́wọ́.” Ẹ kọ ọdún tí awọ ara bẹ̀rẹ̀ àti iye àtẹ́lẹwọ́ tó bò. Ẹ kọ oríkèé tó wú ní orúkọ rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ tó wà, iye ìṣẹ́jú tí ara fi ń le láàárọ̀, àti iye “bẹ́ẹ̀ ni” tó dáhùn nínú márùn-ún. Ẹ̀jẹ̀ ríru méjì tó kẹ́yìn pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ wọ̀n wọ́n, ṣúgà àti bóyá ó ti jẹun, ìwọ̀n inú. Gbogbo oògùn, kí ẹ sì fa ìlà sábẹ́ dexamethasone, prednisolone àti ìpara clobetasol, pẹ̀lú ọjọ́ tó lò wọ́n kẹ́yìn. Bó bá ti lo abẹ́rẹ́ láàárín oṣù kan, ẹ kọ ọ́ sókè pátápátá, torí òun ló máa sọ bóyá kó dúró de ọjọ́ kílíníìkì, tàbí kí wọ́n gbà á lọ́jọ́ tó bá dé.